Owó Ibodè Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Lójú Ìjà

Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974, ibi tí akọni dúró sí lójú ìjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lórí pátákó, igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọ̀pọ̀ akọni sì lè rìn tó 30 nígbà tó bá kàn wọ́n.

Òfin 2014 ní kí ẹni tó bá gba àyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá san ìlọ́po méjì, 10 dípò 5, bí ẹni san owó ibodè. Kò sì gbọdọ̀ parí ìrìn rẹ̀ sí àyè ẹlòmíràn. Ìwé 2024 kò fọwọ́ kan òfin kejì yìí, ṣùgbọ́n ó pa owó ibodè rẹ́ láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Ní tèmi, wọn kò ṣe é re. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà tóóró abẹ́ ilẹ̀ tí kò gbà ju ẹnì kan lọ. Jagunjagun iwájú gbọgbẹ́, ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tò sẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, àwọn mẹ́ta yìí gba 30 tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ríbi dúró sí. Ó há nìyẹn, àfi kó fi ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tó ní sáré, kí ọ̀tá sì ráyè ṣá a lẹ́yìn. Nísinsìnyí, yóò fi ìgbésẹ̀ náà yẹra fún idà, yóò gba àárín wọn bí atẹ́gùn, 20 péré ni yóò ná an.

Lóòótọ́, ìṣirò náà máa ń fa eré sẹ́yìn. Síbẹ̀, òun ló ń mú kí àwọn tó wà lẹ́yìn fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń gba ọgbẹ́ nítorí wọn. Níbi tí mo bá ti ń darí eré, owó ibodè ṣì wà, a sì máa ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó da dáìsì.