Eré Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ọpọlọ Ọmọ

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ ìlera oṣù yìí kàn. Ìrora egungun àti àìtó ẹ̀jẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé rọpárọsẹ̀, tí a kà sí àrùn àgbà, lè kọlu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Kí ó tó dé, àmì kan máa ń wà tí ojú lásán kò lè rí: eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá nínú ọpọlọ.

Báwo ni a ṣe ń wọn eré yìí? Ọ̀nà kan ni ti X-ray, láti ìgbà tí Egas Moniz, dókítà ará Pọtogí, ti kọ́kọ́ ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ní ọdún 1927. Dókítà á ki rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan, á rọ oògùn tí X-ray lè rí sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa yà á léraléra bí ó ti ń lọ. Iye àwòrán tí a yà kí oògùn náà tó dé òpin iṣan ni yóò sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe yára tó. Èyí wúlò nígbà tí a bá ń tún iṣan ṣe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń ṣe fún ọmọ lọ́dọọdún.

Sikáànì ló yẹ ọmọ. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán X-ray níbẹ̀. A ó gbé e lé ẹ̀bátí ọmọ. Ìró tí etí kò lè gbọ́ á lọ bá ẹ̀jẹ̀, á sì padà wá ròyìn eré rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka fún ẹnu rọ́bà omi, omi á tú jáde kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe níbi tí iṣan bá ti fún. Bí eré náà bá tó 200 sẹ̀ntímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti sún mọ́lé.

Ewu náà ní ìdènà. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, ọmọ 63 ni a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé. Ẹyọ kan péré ni rọpárọsẹ̀ kọlù. Nínú 67 tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, 11 ni ó kọlù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi dán oògùn hydroxyurea wò ní Kano àti Kaduna lára ọmọ 220 tí eré ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022: ìwọ̀n kékeré àti ìlọ́po méjì rẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ pàtàkì hàn nínú dídènà rọpárọsẹ̀.

Ẹ̀yin ará Zaria, bí ọmọ yín bá jẹ́ SS, tó sì wà láàárín ọdún 2 sí 16, ẹ béèrè sikáànì yìí lọ́wọ́ dókítà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò júwe ibòmíràn. Ẹ má ṣe dá ra oògùn náà fúnra yín, nítorí a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò. Bí ẹnu ọmọ bá sì wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.