IṢẸ́ ÌLÚ KÌ Í ṢE TI ALÁGBÀTÀ

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ ta ilẹ̀, ẹ dá èésú, ẹ fi rán wọn nílé ìwé. Wọ́n gba sátífíkéètì wálé, ó wá di kí wọ́n máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

A kò gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 2014. Ọjọ́ náà ni iléeṣẹ́ aṣọ́bodè ìjọba àpapọ̀ kó àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà lé ní 500,000. Iṣẹ́ tó wà kò pé 5,000. Wọ́n sì ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, èrò tẹ èèyàn pa. Ọmọ jáde lọ wáṣẹ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ta ló gbowó? Ta ló kú?

Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn láti 1961, èyí tí àjọ ILO ṣe ní 1948, pé kí ìjọba ní ọ́fíìsì tí yóò máa bá ará ìlú wáṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ sì ní aṣojú tó dọ́gba nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n wí o!

Ní 1986 ni ìjọba ológun dá NDE sílẹ̀, ó sì ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yín: ṣé ó mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ẹ bi ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà tàbí Àgbárá: ìgbà wo ló ránṣẹ́ síbẹ̀ pé òun ń wá jórinjórin mẹ́wàá? Alágbàtà ni púpọ̀ wọn ń ránṣẹ́ sí, alágbàtà ló sì ń jẹ lára ọmọ tálákà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé iṣẹ́ ló mọ iṣẹ́ tó wà; ọ́fíìsì ìjọba ló yẹ kó mọ ẹni tó ń wá a. Ẹ jẹ́ ká so wọ́n pọ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò ṣe nìyí. Èkínní, ọ́fíìsì ìwáṣẹ́ yóò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò ẹnikẹ́ni. Èkejì, ilé iṣẹ́ tó bá gba kọngílá ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ tó ọ́fíìsì náà létí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹ̀kẹta, a ó dán ọwọ́ oníṣẹ́ wò ká tó rán an lọ.

Àwọn kan á ní àwọn ọ̀gá kò ní gbà. Kí ló dé tí wọn ò ní gbà? Ọ̀gá tó ń sanwó fún alágbàtà, tí wọ́n tún ń kó ẹni tí kò mọṣẹ́ wá fún un, ṣé yóò kọ oníṣẹ́ tó dáńgájíá lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ lọ gba káàdì ìdìbò yín. Ìbò yín ni ohun kan ṣoṣo tí alágbàtà ò lè gbà lọ́wọ́ yín, àfi tí ẹ bá tà á.