Àpótí Ìwé Tí Wọ́n Gbàgbé ní Kútọnu

Ẹ̀yin ará wa ní Issaba, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, ọkọ̀ òfurufú kan balẹ̀ sí Kútọnu. Kì í ṣe èrò ọjà ni ó gbé. Nǹkan bí 100 jagunjagun ni ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, àwọn tí ń torí owó jà. Gàbọ́ọ̀nù ni wọ́n ti gbéra. Bob Denard, ọmọ Faransé, ni olórí wọn. Wọ́n fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Kérékou.

Wọ́n gba pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n yìnbọn sí ilé ààrẹ. Àwọn ọmọ ogun wa kò sá. Kérékou sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ké sí ará ìlú. Lẹ́yìn bíi wákàtí 3, àwọn àlejò burúkú náà sá padà sínú ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti ṣòfò.

Ìkánjú kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù wọn tán. Wọ́n gbàgbé àpótí kan. Ìwé ni ó kún inú rẹ̀: orúkọ, owó, ètò ìjà. Ìbọn kì í sọ ẹni tó rán an níṣẹ́, ìwé a máa sọ ọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán olùwádìí wá, wọ́n ka ìwé náà. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, Ìgbìmọ̀ Ààbò dá ìkọlù náà lẹ́bi.

Ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún Denard, àmọ́ wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà dúró. Lójú tiwa, ìdájọ́ yẹn fúyẹ́ jù.

Ẹ ka èyí sókè fún àgbà tó gbọ́ rédíò lọ́jọ́ náà. Ẹ bi í ní ohun tó rántí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.