Ẹ̀tọ́ Ará Ilé Lórí Wáyà Tẹlifóònù Kan

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ AOL dáwọ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifóònù dúró ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi gbà á. Wọ́n ní ohun àtijọ́ tí ń rìn bí ahun ni. Òótọ́ ni pé kò yá. Móódẹ́mù tí ó yára jù nínú wọn kò kọjá 56,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì ohùn tí ó tó mẹ́gábáìtì 4 yóò gbà tó ìṣẹ́jú 10, bí wáyà bá tilẹ̀ dára.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní láti fi okùn so móódẹ́mù mọ́ ihò tẹlifóònù ara ògiri, kí ó tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì yan nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà yóò máa pè. Níbi yíyan nọ́ńbà yìí ni àwọn ilé kan ti kó sí gbèsè: bí nọ́ńbà náà kì í bá ṣe ti àdúgbò, owó ìpè ọ̀nà jíjìn ni yóò máa gun orí ara wọn.

Èyí tí ó wúwo jù ni pé wáyà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ní. Bí ọmọ bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tí ó lè pe dókítà. Ẹni tí ń pè láti Èkó láti túfọ̀ ìyá àgbà yóò máa gbọ́ pé wáyà dí. Àwọn tí ìpè kejì lè já lu ìpè wọn a máa fi *70 ṣíwájú nọ́ńbà, wọ́n a sì fi ọwọ́ ara wọn tilẹ̀kùn mọ́ ará ilé. Nítorí náà, àmáánà ni wáyà náà: ẹni tí yóò lò ó ní láti tọrọ àyè, ariwo móódẹ́mù a sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ilé.

Ìtọrọ àyè yìí ni ó sọnù, kì í ṣe wáyà. Ọ̀dọ́ òde òní ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ aṣọ ìbora lóru, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Àwọn òbí tí wọ́n sì rò pé gbígba fóònù ni oògùn rẹ̀ kò rò ó dé òpin, nítorí ilé-ìwé pàápàá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀. Kí ilé fẹnu kò lórí wákàtí, kí bàbá náà sì pa tirẹ̀ bí àkókò bá tó (ibẹ̀ gan-an ni ó le sí).

Ní ti ẹ̀rín, kí ó rọra. Ní ọdún 2023, àjọ tí ń kànìyàn ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ilé 163,000 ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn ju ti wáyà yìí lọ.