Kí Wọ́n Kọ Ọ́ Sára Páálí

Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò nílò ètò ṣíṣe kankan, pé kéèyàn ṣáà ti tàn án, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì ní kúrò lórí rẹ̀ láéláé. N kò gbà.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa nípa mítà alásansílẹ̀ náà nìyẹn: ẹ ra iná, ẹ tẹ nọ́ńbà, ó tán. Àṣé òǹkà ìṣẹ́jú kan wà nínú nọ́ńbà tí à ń rà, wọ́n ti ń kà á bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, àyè kíkà náà sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Mítà tí wọn kò tún ṣe kí ọjọ́ yẹn tó kọjá kò gba iná tí a bá rà mọ́. Kóòdù méjì ni a ní láti tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 20. Àwọn ìyá àgbà àdúgbò wa l'Ágége, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n bẹ̀ kó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ètò tí wọ́n ní kò sí, àwa ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 yẹn kan náà, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Abidjan, ní ilẹ̀ òkèèrè o! Síbẹ̀ iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báǹkì wa níbí.

Búrẹ́dì ni mò ń tà fún àwọn alátùntà. Wọ́n á fi káàdì sanwó láàárọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, báǹkì wọn á ti yọ owó, èmi ò ní rí nǹkan kan. Oníbàárà ní òun ti san, èmi náà kò lè fi búrẹ́dì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn méjì tí kò rẹ́ ara wọn jẹ ṣe ń bá ara wọn jà.

Mi ò ní ká má lo ẹ̀rọ. Òun ni mo fi ń ṣòwò. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń tà á, láti Computer Village n'Íkẹjà dé Pen Cinema l'Ágége, kọ ọ́ sára páálí: kí ló lè ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, wákàtí mélòó ni bátìrì rẹ̀ ń gbé láìsí iná, ta ni yóò dá owó tó bá há padà, láàárín ọjọ́ mélòó? Kí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, àti FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ ọ́ di dandan. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n kí ẹ tó tún gbé ìpolówó wọn jáde bí ìròyìn.

Òǹkàwé yín,
Agége, Èkó