Mákárónì oníkarahun: ẹ fi wàgásì sí i níkùn

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni tòní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀.

Ìyá kan pè wá lórí ètò yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ọmọ òun obìnrin fi fídíò kan han òun lórí tẹlifóònù. Mákárónì ńláńlá ni, ó rí bí ìkarahun. Wọ́n ki fùrọ̀máàjì sí i nínú, wọ́n da ọbẹ̀ tòmátì lé e, wọ́n sì yan án. Ọmọ ní ohun tí òun fẹ́ jẹ lọ́jọ́ ìbí òun nìyẹn. Ìyá lọ sí ilé ìtajà ńlá kan, ó bèèrè iye fùrọ̀máàjì tó wá láti òkèèrè, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí bí àwa tí kò lówó ṣe lè ṣe é?"

Mo dá ìyá lóhùn, ṣùgbọ́n àkókò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ sọ ọ́ dáadáa lónìí. Ìyá mi, ó wà. Fùrọ̀máàjì tí ẹ wá lọ sí ilé ìtajà, orí igbá ìyá Filani ló wà, lẹ́nu ọ̀nà yín. Wàgásì ni, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní wàrà.

Èrò tèmi nìyí, ẹni tí kò bá gbà á lè pè wá: wàgásì kò kéré sí fùrọ̀máàjì òkèèrè rárá fún oúnjẹ yìí. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rà á, àti ojú tí a fi ń wo ẹni tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí oúnjẹ náà ti wá. Itálì ni. Lédè wọn, conchiglioni ni wọ́n ń pe mákárónì náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìkarahun ńlá. Àwọn ará Itálì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà gbé e dání lọ, ó sì di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Fùrọ̀máàjì tí wọ́n sábà ń ki sí i ni ricotta. Ìtumọ̀ ricotta ni "ohun tí a tún sè". Tí wọ́n bá ti ṣe fùrọ̀máàjì mìíràn tán, omi tó ṣẹ́kù, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á tún gbé e kaná títí èyí tó kù nínú rẹ̀ yóò fi dì. Ṣé ẹ rí i? Kí nǹkan má bàa ṣòfò ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Oúnjẹ ẹni tó ń ṣọ́ owó ná ni.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Wàgásì kì í yọ́, kì í fà bíi gọ́ọ̀mù bíi ti inú fídíò." Òótọ́ ni. Bí a bá din ín nínú òróró, bí a ṣe gé e náà ló máa wà. Ṣùgbọ́n ricotta náà kì í fà! Èyí tó ń fà nínú fídíò, mozzarella ni, òkè oúnjẹ ni wọ́n ń wọ́n ọn sí. Èyí tó wà nínú ikùn mákárónì, wàgásì wa lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Kódà àwọn ará Itálì máa ń po ẹ̀fọ́ mọ́ ricotta. Àwa náà ní tẹ̀tẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Ẹ wo abọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbé láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́: mákárónì, òróró, tòmátì díẹ̀, kúùbù. Ó tán. Ọmọ yó, ṣùgbọ́n kí ló jẹ? Ìyẹ̀fun àlìkámà ni mákárónì, agbára ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí ara ọmọ fi ń dàgbà, tí eegun rẹ̀ fi ń le, inú ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹran àti wàrà ló pọ̀ sí. Mákárónì ti wọlé wa, kò ní jáde mọ́, èmi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí mákárónì tó ní ikùn yìí, mo ní ìwọ̀nyí ti là á sílẹ̀ fún wa: ẹ fi nǹkan sí i.

Ó ku bí a ṣe ń ra wàgásì àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni àìsàn ń gbà wọlé.

Àwọn obìnrin Filani ló ń ṣe wàgásì, láti Kàndí àti Nìkí, Parakú, títí dé àwọn àgọ́ tó wà ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná. Wọ́n á gún ewé tàbí ẹ̀ka bomubomu, wọ́n á po oje rẹ̀ mọ́ wàrà tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, iná á wá mú un títí yóò fi dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú ajere kí omi rẹ̀ ro dànù. Àwọn mìíràn á fi pòròpórò ọkà pupa sè é kí ara rẹ̀ lè pọ́n. Nítorí náà, iná ti kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n láti àgọ́ dé ọjà, ọwọ́ ń kàn án, eṣinṣin ń bà á, eruku ń fẹ́ sí i. Àwọn ìyá Filani fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tún un sè bí kò bá tà tán. Ẹ̀yin tí ẹ rà á, ẹ má gé e fún ọmọ jẹ lójú ọ̀nà.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn wàrà ló yẹ kó ní. Tó bá ń kan, tó bá ń rùn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀. Tó bá ń yọ̀ bí ẹja tó ti pẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó fi iná bá a wí. Àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé májèlé ni wọ́n ń tu sínú oúnjẹ. Iná á pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kò ní pa májèlé tó ti tu sílẹ̀. Sísè kì í sọ èyí tó bàjẹ́ di rere.

Èyí tó dára, tí ẹ bá délé, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí omi bá ti hó. Tí kì í bá ṣe ọjọ́ náà lẹ ó jẹ ẹ́, ẹ gbé e sínú fíríjì. Ẹni tí kò ní fíríjì, kó ra ìwọ̀n tí ilé lè jẹ lójúmọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dáná. Ti èèyàn 5 tàbí 6 ni mo fẹ́ sọ. Ẹ wá mákárónì oníkarahun ńlá, gíráàmù 250, ó máa tó nǹkan bíi 25. Wàgásì gíráàmù 400. Ẹyin 2. Tẹ̀tẹ̀ tí a ti gé, ẹ̀kúnwọ́ 3. Tòmátì 10, àlùbọ́sà 2, ata bí ẹ ṣe fẹ́, òróró ṣíbí ìjẹun 3.

Ẹ fi òróró, àlùbọ́sà, ata àti tòmátì se ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ki, torí mákárónì máa fa omi rẹ̀ mu.

Ẹ gbé omi lítà 3 kaná, ẹ fi iyọ̀ sí i. Tó bá hó, ẹ da mákárónì sí i. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, ẹ yọ 2 kúrò. Tó bá rọ̀ jù, ó máa fàya lọ́wọ́ yín. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ tò ó sórí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ bọ tẹ̀tẹ̀, ẹ fún omi rẹ̀ dànù dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀ rún wàgásì tí ẹ ti sè. Ó máa ń gbẹ díẹ̀, ẹyin ló máa dè é pọ̀. Ẹ pò ó mọ́ ẹ̀fọ́, ẹyin àti ata díẹ̀. Ẹ tọ́ iyọ̀ wò kí ẹ tó fi ẹyin tútù sí i, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí bu ú sínú ìkarahun kọ̀ọ̀kan, ṣíbí 1 tó kún.

Ẹni tó ní fúù, ìyẹn ààrò tí wọ́n fi ń yan gàtó, kó da ọbẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ àwo, kó to mákárónì lé e, kó da ọbẹ̀ tó kù lé e lórí, kó bò ó, kó yan án ní ìwọ̀n 180 fún ìṣẹ́jú 25. Ẹni tí kò ní fúù, ẹ má kánjú pa ẹ̀rọ rédíò. Ẹ wá ìkòkò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Ọbẹ̀ nísàlẹ̀, mákárónì láàárín, ọbẹ̀ lókè. Ẹ dé e pa, ẹ gbé e sórí ẹ̀yinná tí kò le jù, ìṣẹ́jú 25 náà ni. Ẹ má rò ó. Ẹ rí i pé ẹyin inú rẹ̀ ti jinná kí ẹ tó bù ú fún ọmọ.

Tí ẹ ò bá rí oníkarahun ńlá lọ́jà, àwọn kéékèèké náà dára: ẹ to mákárónì, ẹ to wàgásì lé e, ẹ tún to mákárónì. Inú ikùn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan. Kò sí tirẹ̀ nínú ìkòkò yìí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ó sì lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Nílé ìtajà, iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ fùrọ̀máàjì la ń san. A kì í ná an. Ṣùgbọ́n tí ìyá Filani bá sọ iye wàgásì, a ó pín in sí méjì, a ó tún ní kó fi ènì sí i. Ọjà ni nínà, mo mọ̀, èmi náà ń ná an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Wàgásì kílò 1 lè gba nǹkan bíi lítà 5 wàrà. Màlúù tiwa kì í ṣe irú ti òyìnbó. Lítà 1 tàbí 2 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fúnni lójúmọ́, ọmọ rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ mu nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn koríko gbẹ, màlúù lọ jìnnà, wàrà dín kù. Igi ìdáná wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ìyá fẹsẹ̀ rìn wá sọ́jà wà níbẹ̀. Owó wàrà sì ni owó ọwọ́ obìnrin ní àgọ́ Filani, òun ni wọ́n fi ń ra iyọ̀ àti oògùn ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ màlúù àti oko bá ti dá ìjà sílẹ̀ níbì kan, ẹ má gbé ìjà náà wá sórí igbá ìyá tó ń ta wàgásì. Ẹ ná an bí ẹ ṣe ń ná ti ọmọ ìyá yín.

Tí a bá ń san owó tó tọ́, a lè bèèrè ohun tó tọ́ náà: igbá tí wọ́n bò, aṣọ mímọ́ lórí wàgásì, ọwọ́ tí wọ́n fọ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé, "Ìyá, nítorí pé ẹ bò ó ni mo ṣe wá sọ́dọ̀ yín", á tún bò ó lọ́la.

Ìyá tó pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Ọjọ́ ìbí ọmọ ti sún mọ́lé. Ẹ ra wàgásì láàárọ̀, ẹ sè é, kí ọmọ náà jókòó tì yín kó máa fi ṣíbí bu wàgásì sí mákárónì. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wá kí ẹ sọ bó ṣe rí. Bí kò bá dùn, èmi ni kí ẹ bú.

Ó dìgbà kan náà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ire o.