Àgbàlá Sabon Gari Ló Kọ́ Wa ní Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan ń jáde léraléra lẹ́nu àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Àbújá: "Ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò lè sọ ọ́." Ìyá àgbà á pè lórí fóònù, ọmọ á dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a dàgbà ní Sabon Gari, nílùú Kánò, láàárín ọdún 1970 sí 1980 máa ń bi ara wa pé, ta ló kọ́ àwa? Àwọn òbí wa kò jókòó tì wá láti kọ́ wa ní èdè. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ sọ́jà, alẹ́ ni wọ́n ń dé. Ní ilé-ìwé tiwa, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa la ń gbọ́. Nígbà tí a rò ó dáadáa, àgbàlá ilé ló kọ́ wa, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán wa ló sì fi kọ́ wa.

"Ìlú tuntun" ni Sabon Gari lédè Hausa. Ọdún 1911 ni ojú irin dé Kánò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tó bá a wá láti Gúúsù, akọ̀wé, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ rélùwéè, fi tẹ̀dó sẹ́yìn odi ìlú àtijọ́. Nígbà tiwa, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá kọjú síra, tí àgbàlá wà láàárín, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní yàrá yìí, ará Ọ̀fà wà ní tọ̀hún, ẹbí Igbo tó padà dé lẹ́yìn tí ogun parí ní oṣù Kíní ọdún 1970 wà lódì kejì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ìjà orí omi kì í tán, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ẹ̀rọ bá gbẹ, tí a ń dúró de mẹ́rúwà tó fi ọ̀pá gbé gáráwà méjì léjìká. Ṣùgbọ́n ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì pọ̀.

Kí ọmọ tó bọ́jú tán láàárọ̀, ó ti kí ènìyàn mẹ́wàá. Ìkíni ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí àgbà náà ń ṣe mu. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó pàtẹ, ẹ kú ọjà. Ẹni tó ń dirun, ojú gbooro o. Bí ọyẹ́ bá sì dé, tí ètè gbogbo ènìyàn ń là, ẹ kú ọyẹ́.

Iṣẹ́ jíjẹ́ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá á ní, "Lọ bá Ìyá Ọ̀fà, sọ pé mo kí wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ yá mi ní ọlọ." Ọmọ á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ilé mà. Màmá mi ní kí n kí yín, wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá àwọn ní ọlọ." Bó bá mú èsì bọ̀ pé, "Ó ní òun ń lò ó," wàhálà dé. "Ta ni 'ó' yẹn? Ẹgbẹ́ rẹ ni?" Dandan ni kó tún un sọ: "Wọ́n ní àwọn ń lò ó." Àìmọye ìgbà ni wọ́n tún un ṣe fún wa, títí tí ẹnu wa fi mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kíní, ọdún 1973, Nàìjíríà bọ́ sórí náírà àti kọ́bọ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Owó yí padà lọ́wọ́, kò yí padà lẹ́nu àwọn àgbà. Wọ́n á fún ọmọ ní kọ́bọ̀ márùn-ún, wọ́n á ní kó lọ ra kúlíkúlí sísì. Ọmọ á ṣírò ó lọ́nà, bó bá dé ọ̀dọ̀ oníkúlíkúlí, á tún fi Hausa rà á.

Lálẹ́, a ń pàlọ́. Tiwa ni Ìjàpá àti Yánníbo. Àwọn ọmọ Hausa àdúgbò á mú Gizo wá, aláǹtakùn ẹlẹ́tàn, pẹ̀lú Koki aya rẹ̀. Àwọn ọmọ Igbo ní Mbe, tí òun náà jẹ́ ìjàpá. A ń túmọ̀ fún ara wa, ẹni tí kò bá ní ìtàn láti ilé rẹ̀ á kàn máa gbọ́ ti ẹlòmíràn ni.

Iṣẹ́ tó wúwo jù ni lẹ́tà kíkà. Ọ̀pọ̀ àgbà inú ilé kò mọ̀ọ́kà, ọmọ tó bá sì ti ka Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ni wọ́n ń pè. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kó ka lẹ́tà fún bàbá kan tó ń ta bàtà. Ó ka ìkíni, ó ka ti oko, ó ka ti òjò, ó wá dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Bàbá ti papò dà." Ó kà á geere, nítorí kò tíì gbọ́ ọ rí. Bàbá náà ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ọkùnrin tí a kò rí kó sunkún rí bá fi fìlà bojú. Ìyá kan rọra gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fà á mọ́ra, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo wa pé a kì í là á mọ́lẹ̀ pé àgbà kú. A kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Bí a bá lọ sílé fún ọdún, wọ́n á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Òkè Ọya ni wá, pé ahọ́n wa ti yí. Yorùbá náà la fi ń dá wọn lóhùn.

Lónìí, ọ̀pọ̀ wa ń gbé inú fúláàtì, gééètì sì wà ní títì. Ọmọ kì í lọ yá ọlọ mọ́. Lẹ́nu òbí méjì péré ló ti ń gbọ́ Yorùbá, "wá jẹun" àti "lọ sùn" ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò béèrè èsì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń gbọ́ tí kò lè sọ.

A kò lè dá àgbàlá yẹn padà, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ a lè máa rán ọmọ níṣẹ́ ẹnu. Bí ẹ bá ní ohun kan láti sọ fún ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ pè wọ́n, kó jẹ́ iṣẹ́ náà, kó sì mú èsì wá fún yín. Bí ìpàdé ọmọ ìlú bá wà, ẹ mú wọn dání, kí àgbà mìíràn lè bá yín tún "ó" ṣe sí "wọ́n". Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sókè. Bí wọ́n bá ṣì í sọ, ẹ tún un ṣe, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, torí ọmọ tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín á pa ẹnu mọ́. Ẹ má sì bẹ̀rù pé Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì á dí i lọ́wọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kó kúrò ní Sabon Gari.

Iṣẹ́ kan lóòjọ́ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rán wọn lónìí.